Pẹ́pẹ́yẹ Kì í Ṣe Adìẹ

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ kan ni mo gbé wá lónìí, ẹyẹ tó máa ń rìn lójú títì bí òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọlọ́kadà á tẹ fèrè, tẹ fèrè, tí kò ní yà, títí ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ á fi fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ dúró dè é. Pẹ́pẹ́yẹ ni.

Mo ń sìn ín nílé. Mẹ́jọ ló wà lọ́wọ́ mi báyìí: akọ kan, abo mẹ́ta, àti ọmọ mẹ́rin tí ìyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bo apá wọn. Akọ yẹn, Baálẹ̀ là ń pè é. Bó bá jáde láàárọ̀, á mi orí síwájú, á mi orí sẹ́yìn, á wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àgbàlá kó tó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ ó rò pé ẹjọ́ ilẹ̀ ló fẹ́ dá. Gbogbo oṣù Kejìlá ni aládùúgbò mi kan máa ń yọjú lórí ọgbà. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọdún yìí náà kọ́ ni?" Màá ní òun kọ́. Á mi orí, á bá tirẹ̀ lọ. Kò tíì yé e títí dòní pé èèyàn lè ní ẹyẹ tó wọn kìlógíráàmù márùn-ún nílé kó má sì ronú kan ata.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ, bí mo tilẹ̀ máa rìn yí i ká díẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe adìẹ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lẹ́nu, àmọ́ tó bá di ká sìn ín, bí adìẹ là ń ṣe é. A ó ṣí i sílẹ̀ láàárọ̀ kó máa jẹ̀ kiri, a ó ju ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan sí i nírọ̀lẹ́, a ó bu omi sínú agolo tòmátò, ó parí. Bó bá kú, a ó ní ẹran ọ̀sìn kò yẹ wá lọ́wọ́. Bó bá yè, a ó ní pẹ́pẹ́yẹ kì í ní wàhálà. Ó ní wàhálà tirẹ̀, kò kàn jọ ti adìẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá. Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, èyí tí ẹran pupa wúlewùle bo ojú rẹ̀ bí ẹni tí ojú bó, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Igbó Amẹ́ríkà ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni àwọn baba ńlá rẹ̀ wà, láti Mẹ́síkò títí wọ Brazil, wọ́n sì ń sùn lórí igi lẹ́bàá omi. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹran ilé kí Òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀. Lẹ́yìn 1492 ni ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e káàkiri ayé, bó ṣe gbé àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ata. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì so orúkọ rẹ̀ mọ́ Moscow. Àwọn Faransé so ó mọ́ Barbary ní àríwá Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará wa ní Kùtọnu àti Lomé ṣe ń pè é bí wọ́n bá ń sọ Faransé. Kò ti ọ̀kankan nínú ibi méjèèjì wá. Àwa ní pẹ́pẹ́yẹ, a ò fi ìlú ẹlòmíì parọ́. Ohun kan wà tó máa ń jọ mí lójú: ní Kúbà, àwọn tó gba ẹ̀sìn òrìṣà lọ́wọ́ àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ń fi pẹ́pẹ́yẹ bọ Yemọja. Òrìṣà wa ré òkun lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹyẹ apá ibẹ̀ ré òkun wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹ má ṣe rò pé ìtàn lásán ni mo ń pa. Ẹyẹ orí igi ló jẹ́, ìdí nìyẹn tí èékánná rẹ̀ fi mú, tí yóò fi fa ọwọ́ ẹni tó bá gbá a mú ya. Ìdí nìyẹn náà tí abo rẹ̀ fi ń fò. Akọ máa ń wọn tó kìlógíráàmù mẹ́rin sí mẹ́fà, ìwọ̀n rẹ̀ kì í jẹ́ kó lọ jìnnà. Abo kò ju méjì sí mẹ́ta lọ, bó bá gbápá lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé orí òrùlé aládùúgbò. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹjọ́, ẹ gé ìyẹ́ gígùn apá kan. Mo ní apá kan o. Bí ẹ bá gé méjèèjì, ara rẹ̀ á dọ́gba, á ṣì máa fò. Apá kan ló máa jẹ́ kó ṣe gẹ̀gẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ gbéra, títí yóò fi hùwà bí ẹni tó gbà pé ilẹ̀ náà dára. Ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nídìí rẹ̀, ẹ má fi àbẹ́ kàn án. Bó bá pa ìyẹ́ dà, ẹ ó tún un gé.

Kò ní ariwo. Akọ kò mọ̀ ju kó máa mí fìì-fìì bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, abo á máa sọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tí kò fẹ́ kí ìyá ọkọ gbọ́. Ẹni tó bá ń gbé ilé tí ògiri kan ń yà yàrá méjì ló mọ rírì ẹ̀. Àmọ́ olè náà mọ rírì ẹ̀. Bí olè bá wọ àgọ́ adìẹ, gbogbo àdúgbò ló máa jí. Pẹ́pẹ́yẹ á kàn máa mí fìì-fìì nínú àpò lọ ni.

Orí ẹyin ni mo ti kọ́kọ́ rí àìmọ̀kan ara mi. Abo tí mo kọ́kọ́ rà yé ẹyin mọ́kànlá sábẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ó fi ẹnu tu ìyẹ́ àyà ara rẹ̀, ó fi tẹ́ ìtẹ́, ó sàba lé e. Adìẹ ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún sì ni adìẹ ń lò. Mo ka ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, kò sí nǹkan kan. Mo fi mẹ́ta kún un, kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, bàbá kan tó ti sin adìẹ tó ogún ọdún wá kí wa, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní, "Gbogbo ẹ̀ ti dòbu. Gbà á lábẹ́ ẹ̀ kó tó máa rùn." Mo na ọwọ́ sábẹ́ ìyá, mo mú ọ̀kan. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gbé e lọ sétí kòtò, mo fọ́ ọ.

Ọmọ ló wà nínú ẹ̀. Ìyẹ́ wúyẹ́wúyẹ́ ti bo gbogbo ara rẹ̀, ó ká orí mọ́ apá, ojú rẹ̀ pa dé, àyà rẹ̀ sì ń lù tìkì-tìkì. Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti èèpo ẹyin lọ́wọ́. Ó lù fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó dákẹ́. Nígbà tí mo padà dé ìdí àtẹ̀gùn, ìyá rẹ̀ kò kúrò lórí mẹ́wàá tó kù. Ó kàn ń wò mí.

Ọjọ́ márùndínlógójì ni pẹ́pẹ́yẹ tiwa yìí fi ń sàba. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò: 35. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ funfun ti Òyìnbó, àwọn tó ń ké kúá-kúá, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni tiwọn. Ìyàwó mi gba ìṣirò náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sára ògiri, ìlà kan lójúmọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógójì, ọmọ mẹ́jọ ni ìyá kó jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn. A ti kun ilé náà lẹ́ẹ̀kan látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí wọ́n kun ibi tí ìlà wọ̀nyẹn wà.

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ má fọ́ ẹyin. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá, ẹ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ tan iná fóònù, ẹ gbé ẹyin náà lé e lórí. Èyí tó bá ní ọmọ, ẹ ó rí iṣan pupa tó ta bí gbòǹgbò. Èyí tó bá mọ́ gbòò láti òkè délẹ̀ ni kò ní nǹkan nínú. Ẹ óò tún rí i pé ìyá máa ń dìde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, á jẹun, á wẹ̀, á sì fi ara tútù padà sórí ẹyin. Ẹ má lé e, ẹ má sì fi nǹkan dí omi mọ́ ọn. Omi ara rẹ̀ wúlò fún ẹyin náà. Àwọn kan máa ń kó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sábẹ́ adìẹ. Ó ń ṣeé ṣe, mo ti rí i, àmọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kún iṣẹ́ adìẹ, adìẹ kan á sì dìde tó bá rí i pé iṣẹ́ náà ti pọ̀ ju àdéhùn lọ.

Ẹ ó ní lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí n ti gbọ́n. N kò tíì gbọ́n. Ọmọ mẹ́jọ yẹn, mo ní omi ni ilé wọn, mo sì lọ ra abọ́ ìfọṣọ dúdú ńlá kan, mo pọn omi kún un. Ìyá wọn bọ́ sínú ẹ̀, inú ẹ̀ dùn. Àwọn ọmọ fò tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rìn lójú omi bí èèrún òwú. Mo yọ fóònù, mo ya wọ́n. Mo wá jáde lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí mo fi máa dé, ìyá ti jáde, ó ń rìn yí abọ́ náà po, ó ń pè wọ́n. Abọ́ náà ń yọ̀, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ kékeré lè gbá mú. Mẹ́ta ti kú sójú omi. Márùn-ún tó kù, ìyẹ́ wọn ti lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n ń gbọ̀n.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀, ẹ̀rín ni àwọn èèyàn ń fi mí rín. Pẹ́pẹ́yẹ, kó kú sómi! Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọmọ ẹyẹ yẹn kò tíì ní òróró tirẹ̀. Ara ìyá ló ti ń gba díẹ̀ bó ṣe ń wọ abẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ pa, tàbí tí adìẹ pa, kò rí rárá. Bí wọ́n bá pẹ́ nínú omi, ìyẹ́ náà á fa omi mu, òtútù á mú wọn, á rẹ̀ wọ́n. Nítorí náà, títí wọn ó fi tó oṣù kan, abọ́ pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi fún wọn lómi, kí ẹ sì to òkúta wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀. Bí ti àgbà bá jìn, ẹ fi búlọ́ọ̀kù kan sínú, kan sí ìta, kó di àtẹ̀gùn. Ẹ dé kànga. Ẹ wo ẹnu sọ́kàwéè náà.

Àgbà wá ńkọ́? Kì í ṣe dandan kí ẹ gbẹ́ adágún. Ohun tó ń fẹ́ ni omi tó jìn tó kó lè ri gbogbo orí bọ̀ ọ́, timú-tojú. Òun ló fi ń fọ ihò imú, òun ló fi ń fọ ojú. Ẹyẹ tí wọ́n ń fi agolo tòmátò fún lómi, ẹ lọ wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ipin tó ti gbẹ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ sí i. Ẹ tún gbé omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ, torí pé bó bá bu oúnjẹ gbígbẹ sẹ́nu, omi ni yóò fi gbé e mì. Láìsí omi, ó lè há a lọ́fun. Ẹ mọ̀ pé omi náà kò ní mọ́ ju wákàtí kan lọ. Ẹ dà á nù lójoojúmọ́, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń da tèmi sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ò sì ṣàròyé. Omi ìdíbàjẹ́ tí òkú eku tàbí ewé jíjẹrà wà nínú ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní májèlé kan tó máa ń mú kí ọrùn ẹyẹ rọ jọ̀bọ̀ títí kò fi ní lè gbé orí dúró mọ́. Ẹ má jẹ́ kó débẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, jíjẹ̀ kiri ló dùn mọ́ ọn jù. Koríko tútù, gbúre, ìgbín kéékèèké, ekòló, aáyán, ikán. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé tanwíji ti kún táyà ògbólógbòó kan lẹ́yìn ilé. Mo da omi inú ẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ, mo gbé e síwájú wọn. Àwọn abo fi ẹnu yọ omi náà já, wọ́n ń mi ẹnu gbẹ̀rẹ̀-gbẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì. N kò tíì kà dé ọgọ́rùn-ún tí kò fi sí ẹyọ tanwíji kan mọ́. Eṣinṣin pàápàá, wọ́n máa ń já a gbà lójú òfurufú. Àwọn onímọ̀ kòkòrò ní Ontario, ní Kánádà, ti fi irú pẹ́pẹ́yẹ yìí gan-an wò nínú ilé màlúù, wọ́n sì gbé e jáde ní 1990 pé ó ń dín eṣinṣin kù gidi. Èmi kò sọ pé kí ẹ má ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn o.

Àmọ́ jíjẹ̀ kiri kò tó, àgàgà nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú. Ibẹ̀ sì ni adìẹ tún ti ń ṣì wá lọ́nà. Oúnjẹ ọmọ adìẹ tí wọ́n ń tà nínú àpò, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lè jẹ ẹ́, àmọ́ èròjà kan wà nínú fítámìn tí wọ́n ń pè ní naisín, ohun tí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ nílò nínú ẹ̀ ju ti ọmọ adìẹ lọ. Bí kò bá rí i tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀, orúnkún á wú, á máa wọ́dìí, àwọn èèyàn á ní òògùn ni. Àgbàdo nìkan kò lè gbà á, nítorí naisín inú àgbàdo dè mọ́lẹ̀ lọ́nà tí ara kì í fi rí i lò. Ẹja wẹ́wẹ́, orí ẹja tí a gún, yíìsì, kòkòrò, gbogbo ìwọ̀nyí ló ní in. Èmi máa ń ra ẹja wẹ́wẹ́ tó ti rún sídìí apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja, owó pọ́ọ́kú ni.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀rù jù ni oúnjẹ tó ti bu. Ẹ tẹ́tí. Ní 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tolótoló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ pẹ̀lú ń kú. Wọn kò mọ orúkọ ohun tó ń pa wọ́n, wọ́n kàn pè é ní àrùn X. Ìgbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, inú oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà láti Brazil pò ni wọ́n bá a. Ẹ̀pà náà ti bu, èébu yẹn sì ti tu májèlé tí wọ́n wá sọ ní aflatoxin. Májèlé náà tètè ń mú ọmọ pẹ́pẹ́yẹ débi pé nígbà náà, ọmọ ọjọ́ kan ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò láti fi dán an wò bóyá májèlé náà wà nínú oúnjẹ. Ẹ wá ronú sí ohun tí à ń dà sílẹ̀ fún wọn: kùlíkùlí tó ti yọ àwọ̀ ewé, àgbàdo tí òjò pa nínú àpò, èlùbọ́ tí ìyàwó ilé ní kò ṣeé rò mọ́. "Ẹ gbé e fún pẹ́pẹ́yẹ." Adìẹ àgbà lè jẹ ẹ́ kó má tètè hàn. Ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ kò lágbára ẹ̀. Ohun tó bá ti bu, ilẹ̀ ni kí ẹ rì í mọ́.

Ẹ má ju píà sí wọn, èèpo ẹ̀ àti ewé ẹ̀ lápapọ̀. Ó máa ń pa ẹyẹ. Ọbẹ̀ àjẹkù tó níyọ̀, rárá. Búrẹ́dì, bí ọmọdé bá ju ìṣù kan, kò pa á, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ, ọmọ tí wọ́n ń fi búrẹ́dì tọ́ lè ní apá tó yí síta tí kò ní padà mọ́. Bí káfíńtà bá sì ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yín, ẹ ṣa ìṣó àti wáyà wẹ́wẹ́ nílẹ̀. Ohun tó bá ń dán, mímì ni pẹ́pẹ́yẹ ń mì ín.

Ó ku òru. Ọ̀sán ni òmìnira pẹ́pẹ́yẹ. Lóru, ẹ kó wọn wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ti kó wọn wọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara wọn ni wọn ó máa tò wọlé. Àṣá ń wo ọmọ lójú ọ̀sán, ìyẹn ni ìyá wọn lè bá jà. Lóru, ejò ni, ajá ìgboro ni. Èyí tó burú jù ni ìjàlọ. Ìyá tó ń sàba kì í fẹ́ dìde lórí ẹyin, kò sì sí ohun tí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ lè fi ẹgbẹ̀rún ìjàlọ ṣe. Ẹ gbé ilé wọn sókè díẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú agolo omi òun epo ọkọ̀ jíjó. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí agolo tòmátò máa ṣe nìyẹn. Ẹ fi èérún pákó tàbí èèpo ìrẹsì tẹ́ ilẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, torí ìgbẹ́ wọn lómi. Ilẹ̀ líle àti ìdọ̀tí máa ń jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wú. Láàárọ̀, ẹ má kánjú ṣí ilẹ̀kùn. Ìdájí ni abo sábà máa ń yé ẹyin. Bí ẹ bá ṣí i ní kùtùkùtù, inú igbó ló máa lọ yé e sí. Èmi ń dúró dìgbà tí aago mẹ́jọ bá lù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ní kí àwọn ọmọdé lọ bu omi wá. Wọ́n ti lọ? Akọ kan sí abo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló dáa. Akọ méjì á máa jà, abo kan ṣoṣo kò ní sinmi. Bí ẹ bá sì fi akọ pẹ́pẹ́yẹ tí kò ní abo sáàárín adìẹ, adìẹ náà ni yóò máa gùn, á sì ṣe é léṣe nínú, torí bí Ọlọ́run ṣe dá a kò bá ti adìẹ mu. Mo ti rí adìẹ tó kú nípa bẹ́ẹ̀. Ó tó, ẹ pè wọ́n padà.

Lọ́jà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e, orí ń fì nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tètè ń yẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di apá rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ gbé e sí ìhà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn. Bí ẹ bá ra tuntun dé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bá àwọn tó wà nílé pàdé.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lúkúlúkú tó ń gbá àgọ́ adìẹ mọ́ nígbà ọyẹ́, pẹ́pẹ́yẹ sábà máa ń gbé e kiri láìṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ìwé ìròyìn ń pè ní bird flu. Oṣù Kejì 2006 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti dé oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní H5N1 ní Áfíríkà nìyẹn. Pẹ́pẹ́yẹ lè ní in lára, kó máa rìn, kó máa jẹun, kó máa tà á sílẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe wọ́n tán, àgàgà àwọn ọmọ tó ń gbé wọn mọ́ra. Ẹ se ẹyin wọn kó jinná dénú. Bí ẹyẹ méjì bá kú lọ́jọ́ kan láìsí ìdí, ẹ má pa ìyókù jẹ, ẹ má gbé wọn lọ sọ́jà. Ẹ pe dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n bá tọ́jú lè lo ọdún mẹ́jọ títí dé méjìlá. Baálẹ̀ ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Aládùúgbò mi ṣì ń bọ̀ lóṣù Kejìlá.

Mo rí àwọn tó wà lẹ́yìn gíláàsì tí wọ́n ń juwọ́ sí mi pé àkókò ti lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ ní pẹ́pẹ́yẹ níta, ẹ fi rédíò sílẹ̀ bó ṣe ń ké, ẹ dìde, ẹ lọ kà wọ́n, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ó dàárọ̀ o.